Pijó Tí Màmá Fi Ìka Wò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà, 2025

Òjò láti ìdájí. Ẹran Iléyá ṣì wà nínú fíríìsà, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àná, mo ti ń dín èyí tó kù kó má baà bàjẹ́. Màmá kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹnu òun kò gba nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ìyá ọkọ mi kò jáde kọjá fàráńdà. Láti ọjọ́ tó ti já sínú gọ́tà ní Ijoko, níbi tó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti gbà pé ìrìn òun ti parí. Eékún rẹ̀ ti jinná. Ọkàn rẹ̀ ni kò jinná. Á jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á kọjú sí títì Joju tí kò rí, á máa ka tẹ́súbáà. Bí mo bá kí i, á dáhùn. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ la ó wà títí wọn ó fi pe ìrun Àsárì.

Dókítà ti ní ojú ọ̀tún ti tó ṣe. Awọ funfun tó bò ó ti ki, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi dígí kékeré kan sí ipò rẹ̀, kò ní gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkọ mi tún bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Màmá ní, "Gbọ́ládé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Èyí tí mo ti rí ti tó mi."

Ọkọ mi bínú lọ síbi iṣẹ́ láìmu tíì. Èmi ni mo mu tíì méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Màmá rẹ́rìn-ín lónìí! Mo ní láti kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó gbé páálí bàtà sí abíyá. Cornelius lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan lọ́nà Ìdíròkò, kò sì tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣí páálí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wà nínú rẹ̀, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, igi àti ike ló fi ṣe é, táyà rẹ̀ ń yí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Ó ní òun ti fi abẹ gé nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìlà ara rẹ̀ títí ó fi sú òun, kò dọ́gba.

"Anti, wọ́n ní ẹ̀rọ yín lè gé nǹkan tó kéré bí ìrẹsì."

Mo ní ìrẹsì kọ́, ẹ̀wà ni, àmọ́ ká gbìyànjú. Kọ́tà mi, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ gé ohun tí mo bá yà sórí kọ̀ǹpútà, kò ju páálí ìndómì kan lọ. Orúkọ ìyàwó àti ọkọ ni mo fi ń gé sára ife ìgbéyàwó, àti ohun tí wọ́n ń gún sórí kéèkì, àti sítíkà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ tó mọ báyìí wá rí.

"Kí lẹ ń wò tẹ́ ẹ dákẹ́?" Màmá ló bèèrè látẹnu ọ̀nà.

Kí n tó sọ pé kó rọra, Cornelius ti gbé e lé e lọ́wọ́. Màmá fi tẹ́súbáà sí itan. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ọkọ̀ náà, ó gba orí imú rẹ̀, ó sọ̀ sára táyà, ó pa dà sókè síbi ẹrù.

"Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni."

Ẹnu Cornelius là. "Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n bí? Mo ti tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti Àtàn dé Owódé, èéfín rẹ̀ ń bọ̀ sí mi nímú, awakọ̀ rẹ̀ ń wò mí nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín." Òun náà wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo mọ̀ pé Màmá wa ọkọ̀ èrò rí. Àwọn àgbà Àtàn ṣì ń pè é ní Sísí Ìdíròkò. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wọlé yìí, kò jókòó sọ ọ́ fún mi rí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wa Pijó sítéṣọ̀n wágọ̀n lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Lónìí, ó sọ ọ́ títí ó fi jẹ ẹran mẹ́ta láìmọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Mo ti bá Cornelius ṣe àdéhùn. Èmi á gé gbogbo ohun tó bá fẹ́ sára ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Òun á gbẹ́ Pijó Màmá láti inú igi, á gbé ike gbígbóná lé e títí yóò fi gba ìrísí rẹ̀. Mo ní kó tóbi, kó gùn láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, kí ìka lè rí nǹkan wò. Ẹni tí mo ń ṣe é fún kò ríran, nítorí náà ohun gbogbo gbọ́dọ̀ yọ sókè lára rẹ̀, ìlà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, róbà fèrèsé. Èyí sì ni ẹ̀rọ mi lè ṣe.

Mo sọ fún Màmá. Ó pòṣé.

"Ta ló fẹ́ fi ṣeré?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Nígbà tó yá, ó ní, "Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni o. Ti ẹ̀yìn ló ṣe ìkarùn-ún."

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà

Kò sí fọ́tò. Ọ̀kan ṣoṣo tó ní, omi ti jẹ ẹ́, ojú Màmá nìkan ló kù nínú rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Cornelius rí irú ọkọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ti Màmá gan-an, ẹnu rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Ó ń fi ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n fún mi. Sítíárì dé ibí, ó fọwọ́ kan àyà. Bí òun bá nawọ́ báyìí, òun á kan ilẹ̀kùn kejì. Mo ń yà á sórí kọ̀ǹpútà, mo ń kà á sí i létí. "Rárá, ó tún ga jù bẹ́ẹ̀."

Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, odindi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Ìwà burúkú ni ẹ̀rọ yìí hù sí mi lónìí.

Mo gé ike agolo yọ́gọ́ọ̀tì sí pẹlẹbẹ láti fi ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ìlà fàdákà tó gba ara ọkọ̀ kọjá. Ike yẹn le díẹ̀, abẹ gbọ́dọ̀ gba ojú kan náà kọjá nígbà mẹ́fà kó tó já. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí mo fi tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ti gbàgbé ibi tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, ó fa gbogbo rẹ̀ ya. Máàtì tí mo ń lẹ nǹkan mọ́ kó tó gé e náà kò lẹ̀ mọ́. Ọ̀rinrin òjò àti eruku ti jẹ ẹ́. Mo fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́, mo sá a lábẹ́ fáànù, ó sàn díẹ̀. Tuntun ti di ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Nígbà Kérésì, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni.

Màmá gbọ́ bí mo ṣe ń bú ẹ̀rọ. Ó ní, "Má bú u. Bí wọ́n bá ti bú mọ́tò, ó máa ń mọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹfà

Ọwọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Alhamdulillah.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹfà

Cornelius gbé ara ọkọ̀ dé. Ó dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ọmọ ìjọ òun kan bèèrè lọ́wọ́ òun pé ṣé òrìṣà lòun ń gbẹ́ ni. Mo lẹ ohun tí mo ti gé mọ́ ọn, ìlà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, róbà fèrèsé, a sì gbé e fún Màmá bó ṣe wà, láìtíì kùn ún.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó ń mi orí. Ó dé ilẹ̀kùn awakọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pa dà, ó tún un tẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ náà lé mi lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ tó dáa ni. Kì í ṣe tèmi."

Mo bèèrè ohun tó ṣe é. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Mo tún bèèrè, ó ní kí n bu omi àlùwàlá fún òun. Bàbá Jùwọ́n, ọkọ mi, ní kí n fi í sílẹ̀, pé bí ìyá òun bá ti ti ilẹ̀kùn, kò sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́jà.

Inú mi bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì!

Ọjọ́rú, 2 oṣù Keje

Mo lọ sí Àtàn. Màmá ti dárúkọ Bàbá Láwàlì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀rọ̀, awakọ̀ bíi tirẹ̀ nígbà náà, mo sì ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tó ṣe ilẹ̀kùn yẹn, òun ni. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi já mi sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó ní òun kò lè wọ inú omi yẹn.

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè dìde láìsí ẹni méjì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àga rẹ̀ wà, ó ń wo ọ̀nà. Ọkọ̀ kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ojú yín mà dáa, Bàbá."

"Wọ́n ṣe é ni. Méjèèjì. Ọdún kẹta rèé."

Mo gbé ọkọ̀ náà jáde láti inú àpò ọ̀rá. Ó gbà á, ó wò ó yíká. Lẹ́yìn náà ni mo bi í nípa ilẹ̀kùn.

"Kùdírátù kò sọ fún ọ? Kò ní sọ. Màlúù ló kọ lù ú nítòsí Ìyẹsí, ó fọ́ ilẹ̀kùn yẹn túútúú. Ọkọ̀ tèmi ti kú nílẹ̀ nígbà náà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kọ. Mo tú ilẹ̀kùn ara rẹ̀, mo dè é mọ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn tèmi pupa bí àlàrí. Tèmi ò sì ní ìlà fàdákà. Wá wò ó báyìí." Ó fi èékánná tọ ìlà tí mo gé, láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ìlà yìí gbọ́dọ̀ já níbí. Níbi ilẹ̀kùn yìí, kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan."

Mo ní kí ló dé tí Màmá ò fi fẹ́ sọ ọ́.

"Nítorí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín. Opó ni, èmi ní ìyàwó nílé. Wọ́n ní ilẹ̀kùn yẹn ni owó orí tí mo fi fẹ́ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìyàwó. Mo kọ́ ọ lọ́kọ̀ ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tò ní páàkì, kò sí èrò tó wọlé. Wọ́n ní obìnrin kan ò lè gbé àwọn lọ sọ́run. Mo sáré lọ sílé, mo mú ìyá mi wá, mo gbé e jókòó síwájú. Mo ní, ẹ wò ó, ìyá kan ṣoṣo tí mo ní rèé. Kí n tó ti ilẹ̀kùn tán, ọkọ̀ ti kún."

Mo sọ fún un pé Màmá kò ríran mọ́, ó sì kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Bàbá ní kí n mú fóònù mi jáde, kí n gba ohùn òun sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Mo jókòó ti Màmá lórí ẹní, mo tẹ fóònù. Ohùn Bàbá Láwàlì jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ:

"Kùdí. Láwàlì ni. Mo gbọ́ pé o ti jókòó sílé. Ìwọ tó gbé aboyún láti Ìdíròkò nínú òjò, iná iwájú kan ti kú, tí obìnrin náà bímọ sórí àga ẹ̀yìn ní Owódé, tí o fi ìbòrí rẹ gbé ọmọ náà. Ìwọ náà ni dókítà tó ní iná mànàmáná, tó fọ ọwọ́, ń bà lẹ́rù? Wọ́n ṣe tèmi. Kò dùn mí. Mo ń rí eṣinṣin lára ògiri. Mo fẹ́ kí o wá wò mí kí n tó kú, àmọ́ má wá bí o ò bá ní lè rí mi. Ó tán."

Màmá ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé nígbà mẹ́rin.

"Láwàlì ò yé parọ́," ó ní. "Iná méjèèjì ló kú."

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje

Mo ń dirun fún Màmá ló wá sọ ọ́, láìsí pé mo bèèrè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Àpọ́nlé, lọ ṣe ojú lọ́dún kan tó ti pẹ́. Èyí tó ń rí fìrífìrí tẹ́lẹ̀, kò rí i mọ́ rárá nígbà tó dé. Ọdún mẹ́fà ló fi wà nínú òkùnkùn kó tó kú, Màmá ló ń bọ́ ọ.

"Báyìí, mo ṣì ń mọ ìgbà tí oòrùn bá yọ. Mo ń mọ̀ bí o bá dúró síwájú mi, ara rẹ máa ń dí ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìyẹn náà ńkọ́, Kàfáyá?"

Gbogbo wa ti ń bínú sí i pé olóríkunkun ni, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Mo ní, "Ó tó kó bà yín lẹ́rù, Màmá." Mo ń dirun lọ. Mo tú èyí tí mo ti dì, mo tún un dì, kí ó lè pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Keje

Ó ku ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀. Màmá ti sọ ọ́ fún mi: Ẹ JẸ́ N KỌJÁ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ó ti fẹ́ pa mí.

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò ga ju ìdajì èékánná lọ. Kí ó lè yọ sókè, mo ní láti gé e lára sítíkà nígbà mẹ́rin, kí n tò ó léra. Lẹ́tà gbà fún mi. Àmì abẹ́ Ẹ àti Ọ ni kò gbà. Mẹ́ta ni wọ́n, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí abẹ bá ti kàn wọ́n báyìí, wọ́n á ṣí tẹ̀ lé e. Mo rí ọ̀kan lára wọn lábẹ́ N. Mo rí òmíràn lára ìgbọ̀nwọ́ mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ àmì yìí. Wọ́n á mọ ohun tó kọ."

Ó yí orí sí mi bí ẹni tó ń ríran. "Bí kò bá sí àmì, kí ló kọ? Èdè wo nìyẹn? Ọjọ́ tí ẹni tó kùn ún ń kọ ọ́, ó fẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí òjò ṣú. Mo dúró tì í. Mo ní kò ní lọ."

Ó dáa. Èmi náà kò ní lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje

Mo rí i! Mo fẹ́ ju ìdọ̀tí sítíkà àná dà nù, ìyẹn ara rẹ̀ tó kù lẹ́yìn tí mo ti ṣí lẹ́tà kúrò, mo sì rí i pé ihò lẹ́tà wà níbẹ̀ ní pípé, ihò àmì abẹ́ mẹ́ta, ihò àmì òkè méjì, kò sí èyí tó ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun tí mo ti ń jù nù láti ọjọ́ Ẹtì ni mo nílò.

Mo lẹ oníhò náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fi kútẹ́ẹ̀sì dúdú kùn ún, mo dúró, mo tún kùn ún, nígbà méje. Bí ó bá gbẹ tán kí n tó ṣí i, á ya. Bí ó bá tutù jù, á fà. Èyí àkọ́kọ́ ya, ìkejì fà. Ìkẹta: mo di èémí mú, mo ṣí i láti igun. Mo fi ìka kàn án, mo sì kà á pẹ̀lú ojú ní dídì.

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí oníbúrẹ́dì òdìkejì fi sáré wá, ó rò pé iná gbé mi.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Lẹ́yìn ìrun Súbúhì, Màmá wà lórí àga. Ó ní, "Gbọ́ládé, ọjọ́ wo ni dókítà yẹn ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Ọkọ mi ń wọ bàtà. Ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màámi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ ní kó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kan ọkọ̀ mi kí n tó lọ."

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Keje

Ó parí. Funfun, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan pupa. Ìlà fàdákà já níbi tó yẹ kó já. Ní inú, mo gé aṣọ ìjókòó láti ara aṣọ àrán, mo gé nọ́ńbà ẹ̀yìn, Cornelius ti fi róbà páìpù omi ṣe táyà. Òun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa lọ́sàn-án òní, ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ nu ara ṣòkòtò.

Màmá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Ìka rẹ̀ ń bọ̀ lórí ìlà, ìlà tán, ó ń lọ lórí ibi tí kò sí nǹkan kan, ó sì tún kan ìlà ní òdìkejì.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá Láwàlì ni, Màmá."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ilẹ̀kùn náà. Omijé ń bọ́ láti inú ojú méjèèjì tí kò ríran. Kò nù ún. Ó tẹ̀ síwájú dé ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó sì tẹ àmì abẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ọmọ rẹ̀ tó wọlé.

"Ó pé," ó ní. "Tèmi ni."

Cornelius ní, "Ògo ni f'Ọlọ́run!" Màmá ní, "Àmín, ọmọ mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Keje

Wọ́n mú un wọlé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jáde ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta. Wọ́n fi nǹkan bo ojú rẹ̀. Ó ní kò dun òun, ó ní ebi ń pa òun. Ní gbogbo ọ̀nà, ọkọ mi ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Keje

Nọ́ọ̀sì ṣí i. Màmá ṣẹ́jú. Omi ń jáde. Ó tún ṣẹ́jú.

Ó wo fèrèsé. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Gbọ́ládé, o ti ní ewú!" Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí mi, ó wò mí, ó pẹ́. Mo ń dúró kó sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ìlà tó wà lábẹ́ ojú mi.

"Ó ti rẹ ọ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti rẹ ọ́ tó báyìí."

Mo bú sẹ́kún níwájú nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù Kẹjọ

Màmá kò gbọdọ̀ tẹ orí ba. Orí àga ló ti ń kírun. Oògùn ojú, ẹ̀kán kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Ó gbé ọkọ̀ náà síwájú, ó ń fi ojú tuntun wò ó. Mo ń dúró de ìyìn.

"Funfun wo rèé? Ọkọ̀ mi kò funfun báyìí rí. Ilẹ̀ Ìdíròkò ni àwọ̀ rẹ̀."

Ó rán mi láti bu iyẹ̀pẹ̀ pupa iwájú ilé, ó pò ó mọ́ omi díẹ̀ nínú ìdérí ìgò, ó sì ń fi ìka kékeré ta á sí abẹ́ ilẹ̀kùn, sí ẹ̀yìn táyà, sábẹ́ nọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rí i pé kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tó gbẹ, mo wò ó, kò jọ ohun ìṣeré mọ́. Ó jọ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹjọ

A lọ sí Àtàn. Òjò ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀nà ti gbẹ díẹ̀. Iwájú ni Màmá jókòó, ó gbé Pijó náà lé itan, ó ń ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà fún wa, títí kan èyí tí a ò fẹ́ gbọ́.

Bàbá Láwàlì rí wa lójú fèrèsé kí a tó kan ilẹ̀kùn. "Kùdí!" Màmá dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ wíwú yẹn. "Láwàlì, o ti di arúgbó." "Ìwọ ńkọ́?" Mo lọ pọn omi tí kò sẹ́ni tó ní kí n pọn.

Nígbà tí mo pa dà dé, ọkọ̀ náà wà lórí itan Bàbá. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn pupa, ó ń pa á dé. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọkọ̀ náà sórí igi fèrèsé, ó kọ iwájú rẹ̀ sí ọ̀nà.

A jẹun. A ṣe àdúà. Nígbà tí a dìde, mo nawọ́ láti gbé ọkọ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo wo ọkọ mi, ó ń wo ilẹ̀. A wọ inú ọkọ̀, inú ń bí mi, mo ń ka gbogbo nǹkan tí mo gé sí ara rẹ̀ lọ́kàn. Ní ìyànà Ìyẹsí, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ̀yin ni mo ṣe é fún."

"Mo mọ̀. Mo sì ti rí i." Ó yí ara padà lórí ìjókòó iwájú, kó lè wò mí dáadáa. "Kàfáyá, ojú ni èmi ò ní, ẹ sì ti fún mi. Ẹsẹ̀ ni Láwàlì ò ní. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ló ni ọkọ̀."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, mo dì í mú, ó sì wà lọ́wọ́ mi títí a fi dé Joju.